Kúlà Olómi àti Agbára Oòrùn: Ohun tí ó yẹ kí ará Abúlé Adó mọ̀ kí wọ́n tó náwó

Láti oṣù Fẹ́búárì títí tí òjò yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ ooru ni ó máa ń wà lẹ́nu àgbà àti ọmọdé ní Abúlé Adó. Àdúgbò náà wà lẹ́bàá òpópó ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, kò sì jìnnà sí ọgbà ìpàtẹ ọjà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Trade Fair. Ìtòsí rẹ̀ náà ni Festac Town wà, ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí a ṣe ní oṣù Jánúárì àti Fẹ́búárì ọdún 1977. Ilẹ̀ gbogbo àyíká yìí rẹlẹ̀, àbàtà àti omi ọ̀sà kò sì jìnnà sí i. Bí ooru bá mú níbẹ̀, kì í ṣe ooru gbígbẹ rárá. Ooru tí ó lọ́rinrin ni, èyí tí í mú kí òógùn máa ṣàn lára ènìyàn láìgbẹ.

Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ẹ̀rọ amúnáwá ni ọ̀pọ̀ ilé gbẹ́kẹ̀ lé láti yí fáànù lóru. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Mée ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó epo bẹntiróòlù ti ga sókè gidigidi. Ní oṣù Éépírì ọdún 2024, wọ́n tún gbé owó iná àwọn oníbàárà tí ó wà ní ìsọ̀rí kìíní, èyí tí a ń pè ní Band A, láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 lórí yúnìtì kan. Nítorí náà ni ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ṣe yí sí agbára oòrùn, tí a ń pè ní sólà.

Àwọn ọlọ́jà pẹ̀lú kò sùn. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń pè ní air cooler. Omi ni a ń bù sí i, fáànù sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé iná tí ó ń jẹ kò tó nǹkan, pé sólà kékeré lè gbé e, àti pé yóò mú iyàrá tutù bí ẹ̀rọ amúlétutù tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń lò. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé ohun tí í ṣe òtítọ́ ní Kano lè má ṣe òtítọ́ ní Abúlé Adó. Owó tí bàálé ilé fi ọdún kan tù jọ kò yẹ kí ó ti ibẹ̀ ṣòfò.

ÀMÙ ÌYÁ ÀGBÀ

Iṣẹ́ tí kúlà olómi ń ṣe kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìyá àgbà ti ń lò ó kí iná mànàmáná tó dé. Àmù tí a gbé sí kọ̀rọ̀ ilé, tí a pọn omi kún, ni kúlà àkọ́kọ́. Amọ̀ lásán ni a fi mọ àmù, kò ní ohun tí ó dí ojú ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Omi a máa rin díẹ̀díẹ̀ láti inú wá sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé àmù ń làágùn. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, omi ẹ̀yìn àmù a gbẹ, omi inú rẹ̀ a sì tutù.

Ìdí rẹ̀ ni pé omi kì í gbẹ lásán. Kí omi tó lè kúrò ní omi kí ó sì di ara afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ gba ooru láti ibì kan. Ara àmù àti omi inú rẹ̀ ni ó ti ń gba ooru náà. Bákan náà ni ó rí fún ènìyàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán tí ó dúró sójú atẹ́gùn: òtútù a mú un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tí ó fi wẹ̀ kò tutù. Ooru tí omi ń gbà yìí pọ̀ ju bí ènìyàn ti rò lọ. Ooru tí lítà omi kan gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó gbẹ tán sínú afẹ́fẹ́ ju ìlọ́po méje ooru tí a nílò láti gbé lítà omi kan náà kaná kí ó sì hó.

Àwọn ìran mìíràn pẹ̀lú mọ ọgbọ́n yìí. Ní ilẹ̀ India, wọn a máa ta ẹní tí a fi gbòǹgbò koríko hun sí ojú fèrèsé, wọn a sì máa wọ́n omi sí i, kí atẹ́gùn tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lè tutù. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà níhìn-ín, ní nǹkan bí ọdún 1995, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, lo ọgbọ́n kan náà láti ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó da yanrìn sí àárín àwọn méjèèjì, ó fi omi rin yanrìn náà, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu ìkòkò. A ròyìn pé ikàn tí í bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3 pẹ́ tó ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ní ọdún 2000, a fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí iṣẹ́ yìí. Kò lo iná, kò sì lo epo.

BÍ KÚLÀ OLÓMI TI Ń ṢIṢẸ́

Kúlà olómi kò ju àmù tí a fún ní fáànù. Àpótí ni, ó ní ọpọ́n omi nísàlẹ̀. Pọ́ọ̀mpù kékeré kan ń fa omi náà sókè, ó ń dà á sórí abala kan tí a fi bébà líle ṣe ní ìrísí afárá oyin, tàbí tí a fi fọ́nrán igi hun. Omi a máa ṣàn kọjá lára abala náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fáànù a wá máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ó gba inú abala tútù yìí kọjá. Omi a gbẹ sínú afẹ́fẹ́ náà, afẹ́fẹ́ a pàdánù ooru rẹ̀, atẹ́gùn tútù a sì jáde níwájú.

Ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó tutù, ó sì gba omi kún ara. Èyí ni ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín kúlà olómi àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ iyàrá, ìdí nìyí tí omi fi ń kán lẹ́yìn rẹ̀. Kúlà olómi ń fi omi kún afẹ́fẹ́ iyàrá ni. Nítorí náà, bí a bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa nígbà tí kúlà olómi ń ṣiṣẹ́, bí a ti í ṣe fún ẹ̀rọ amúlétutù, afẹ́fẹ́ tí ó ti kún fún omi kò ní rí ọ̀nà jáde. Láìpẹ́, omi kò ní lè gbẹ mọ́, iyàrá a sì di ibi tí ó mú ooru tí ó tún lọ́rinrin. Gbogbo aṣọ àti ibùsùn a máa rin gbindin.

AFẸ́FẸ́ KANO ÀTI AFẸ́FẸ́ ÈKÓ

Ẹ jẹ́ kí a fi afẹ́fẹ́ wé aṣọ ìnura. Aṣọ ìnura gbígbẹ a máa fa omi ara ènìyàn kíákíá. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹni mẹ́ta ti fi nura ṣáájú ti rin tán, kò lè fa omi mọ́. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ òkè ọya ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dà bí aṣọ gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ etí òkun dà bí aṣọ tí ó ti rin.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń fi ìpín nínú 100 wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá wí pé ọ̀rinrin jẹ́ 100 nínú 100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò sì lè gba ẹ̀kán kan mọ́. Ẹ wo ọ̀sán kan ní Kano nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru wà ní ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 15 nínú 100. Kúlà olómi tí ó dára lè sọ afẹ́fẹ́ náà di ìwọ̀n 25. Ìyẹn ni pé ó dín ooru kù ní ìwọ̀n 13, ìtura ńlá sì ni.

Ẹ wá wo ọ̀sán kan ní Abúlé Adó, tí ooru wà ní ìwọ̀n 32, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 75 nínú 100. Kúlà kan náà kò lè dín ooru kù ju ìwọ̀n 2 tàbí 3 lọ. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọlọ́jà tà ẹ̀rọ ayédèrú. Afẹ́fẹ́ ni kò ní ààyè láti gba omi. Ní òru, ọ̀rinrin Èkó a tún máa ga ju ti ọ̀sán lọ, ó sì lè kọjá 90 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ òru gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ lo ẹ̀rọ náà láti fi sùn.

Ohun mìíràn tún wà tí ó burú ju èyí lọ. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ àmù. Òógùn ni omi rẹ̀, gbígbẹ òógùn ni ó sì ń mú ara tutù. Bí kúlà bá fi omi kún afẹ́fẹ́ tí ó ti kún tẹ́lẹ̀, òógùn kò ní lè gbẹ. Ìtura ìwọ̀n 2 tí ẹ̀rọ fi ọwọ́ ọ̀tún fún ni, ó fi ọwọ́ òsì gbà á padà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ra á ní ìlú Èkó fi máa ń sọ pé ó dára ní wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ sí fáànù lásán. Fáànù inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ìgbádùn rẹ̀, omi inú rẹ̀ kọ́.

Àkókò kan wà tí ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì, bí ọyẹ́ bá fẹ́ dé etí òkun, afẹ́fẹ́ Èkó a gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀. Ètè a máa là, aṣọ a sì máa tètè gbẹ. Ní ọ̀sán irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kúlà olómi a ṣiṣẹ́ dáadáa ní Abúlé Adó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wọ̀nyí kò pọ̀, òru wọn a sì máa tutù fúnra rẹ̀.

ÌDÁNWÒ TÍ KÒ NÁ NI LÓWÓ

Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ láìdán an wò. Kí ènìyàn fọ aṣọ òwú kan, kí ó fún un dáadáa, kí ó sì sá a sínú iyàrá tí ó fẹ́ fi kúlà sí, níbi tí oòrùn kò ti lè kàn án. Kí ó ṣe é ní àkókò tí ó fẹ́ máa lo ẹ̀rọ náà. Bí ó bá jẹ́ òru ni, kí ó sá aṣọ náà kí ó tó sùn. Bí aṣọ bá ṣì rin ní òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ iyàrá náà ti mu omi yó, kúlà olómi kò sì lè ṣe púpọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú lè wá ẹ̀rọ ìwọn-ooru méjì irú èyí tí a fi ń wọn ooru inú ilé. Kí ó fi òwú tí a rin sínú omi wé ìsàlẹ̀ ọ̀kan, kí ó fi èkejì sílẹ̀ ní gbígbẹ, kí ó sì fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí àwọn méjèèjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ òjìji. Èyí tí ó rin yóò fi ìwọ̀n tí ó kéré hàn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni gbogbo òtútù tí omi lè fún ni ní ibẹ̀, kúlà tí a ń tà lọ́jà a sì máa fún ni ní nǹkan bí ìpín 7 nínú 10 rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kúlà yóò wúlò. Bí kò bá tó 5, kí ènìyàn fi owó rẹ̀ ra ohun mìíràn.

ÌṢIRÒ AGBÁRA OÒRÙN

Ìmọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè di iná mànàmáná kì í ṣe ti àná. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Edmond Becquerel, ni ó kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1839. Ní ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fi irú páńẹ́lì tí a ń lò lónìí han aráyé. Láti ìgbà náà ni ó ti ń dínwó díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé orí òrùlé àwọn ilé ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin.

Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú ètò náà. Páńẹ́lì ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Kọńtúrólà ni ó ń ṣọ́ iná tí ó ń wọ inú bátìrì kí ó má bàa pọ̀ jù. Bátìrì ni ó ń tọ́jú iná di alẹ́. Ínfátà ni ó ń yí iná bátìrì padà sí irú iná tí ó wà ní ògiri ilé. Ẹni tí ó bá lo fáànù tí a ṣe fún iná bátìrì kò nílò ínfátà rárá.

Gbogbo ẹni tí ó ní mítà asanwó-ṣáájú ti mọ ohun tí à ń pè ní yúnìtì. Yúnìtì kan ni iná tí ohun èlò oníwáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan. Kúlà olómi kékeré tí ó ń jẹ wáàtì 80, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10, yóò jẹ 0.8 yúnìtì. Bí a bá fi èyí tí ínfátà ń fi ṣòfò kún un, ó tó nǹkan bí 0.9. Fáànù oníbátìrì tí ó ń jẹ wáàtì 25 yóò jẹ 0.25 yúnìtì péré ní wákàtí 10 náà. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré, èyí tí a ń pè ní họ́ọ̀sì kan, lè jẹ yúnìtì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òru kan.

Ní ti bátìrì, èyí tí a kọ 12 fóòtì àti 100 ámpíà sí lára ní 1.2 yúnìtì nínú bí ó bá kún. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bátìrì olójé, kò yẹ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ lálẹ́ kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Nítorí náà 0.6 yúnìtì ni ó wúlò nínú rẹ̀. Bátìrì lithium gbówó lórí, ṣùgbọ́n a lè lo nǹkan bí ìpín 8 nínú 10 rẹ̀, ó sì ń pẹ́ ju olójé lọ. Kúlà olómi tí a wí yìí yóò gba bátìrì olójé méjì fún òru kan. Fáànù méjì kò ní jẹ ju 0.5 yúnìtì lọ, bátìrì kan ṣoṣo sì tó wọn.

Ní ti páńẹ́lì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí oòrùn ń yọ fún wákàtí 12, páńẹ́lì oníwáàtì 400 yóò fún un ní wáàtì 400 láti àárọ̀ di alẹ́. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò lágbára, ìkùukùu sì ń bò ó. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, oòrùn ọjọ́ kan ní Èkó dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí wákàtí 4 oòrùn tí ó le koko. Ní àkókò òjò, ó dára kí a fi ọkàn sí 3. Eruku, ooru àti wáyà tún ń jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀. Nítorí náà, páńẹ́lì oníwáàtì 400 yóò fún ni ní nǹkan bí 0.9 yúnìtì ní ọjọ́ òjò, èyí tí ó kàn tó kúlà náà láìṣẹ́kù. Fáànù méjì kò nílò ju páńẹ́lì oníwáàtì 250 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá pa ìṣirò náà pọ̀. Kúlà olómi kan yóò gba bátìrì méjì, páńẹ́lì oníwáàtì 400 àti ínfátà, kí ó tó fún ìdílé kan ní atẹ́gùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ tutù ju ti fáànù lọ ní Abúlé Adó. Ohun tí ó dín sí èyí yóò yí fáànù méjì fún iyàrá méjì ní gbogbo òru.

OHUN TÍ Ó YẸ ILÉ ETÍ ÒKUN

Ní ilẹ̀ tí ọ̀rinrin pọ̀, atẹ́gùn tí ń rìn ni oògùn ooru. Kí a ṣí fèrèsé tí ó dojú kọ ara wọn, kí atẹ́gùn gba ọ̀kan wọlé kí ó sì gba èkejì jáde. Kí a fi nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn, nítorí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kì í ṣe ibi tí a ti ń fi fèrèsé sílẹ̀ lásán lálẹ́. Kí a kọjú fáànù sí ara ènìyàn, kì í ṣe sí ògiri. Kí a kan sílìn sí abẹ́ páànù, nítorí láti orí páànù ni ooru ọ̀sán ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn tí ó sùn. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a lè kun páànù ní ọ̀dà funfun, yóò sì rí i pé iyàrá yóò yàtọ̀ ní ọ̀sán. Igi tí ó ń ṣíji bo ògiri ìwọ̀-oòrùn náà wúlò, bí a bá gbìn ín níbi tí kò ti ní bo páńẹ́lì.

BÍ ÈNÌYÀN BÁ TI RA KÚLÀ NÁÀ NÍ TIRẸ̀

Ẹni tí ó ti ra á kò pàdánù gbogbo owó rẹ̀. Kí ó gbé e sí ẹnu fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, kí ó lè máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, kí ó sì ṣí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn mìíràn ní òdì kejì. Ní ọjọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, kí ó pa pọ́ọ̀mpù rẹ̀, kí ó máa lo fáànù nìkan. Kí ó máa lo omi inú rẹ̀ ní ọ̀sán ìgbà ọyẹ́. Omi yìnyín tí àwọn kan ń dà sí i a máa mú un tutù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ṣe yìnyín náà ti jẹ iná tí a rò pé a ń fi pamọ́.

Kí omi má ṣe dúró pẹ́ nínú ọpọ́n rẹ̀. Ẹ̀fọn lè yé sí i, èéhù lè hù ú, omi ìdọ̀tí tí atẹ́gùn bá sì fẹ́ sínú iyàrá lè kó àrùn bá ẹ̀dọ̀fóró. Kí a máa da omi náà nù lójoojúmọ́, kí a máa fọ ọpọ́n àti abala rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó gbé e pamọ́.

ÀÀBÒ

Àwọn ará Abúlé Adó kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wọn ohun tí iná lè ṣe. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Máàṣì ọdún 2020, ìbúgbàmù ńlá kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ní ibi tí ọ̀pá epo gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, ọ̀pọ̀ ilé wó, ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College sì wó lulẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Arábìnrin Henrietta Alokha, kú níbi tí ó ti ń gba àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ là. Ìdílé tí ó bá ti bọ́ lọ́wọ́ kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù ti mú ewu kan kúrò nínú ilé rẹ̀. Ó sì ti mú èkejì kúrò pẹ̀lú, nítorí èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ní gáàsì olóró tí a ń pè ní carbon monoxide nínú, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Kò yẹ kí ẹ̀rọ amúnáwá ṣiṣẹ́ nínú ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí lẹ́bàá fèrèsé láéláé.

Ṣùgbọ́n sólà pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Bátìrì olójé a máa tú gáàsì tí ó lè gbiná sílẹ̀ nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ó wà ní iyàrá ibùsùn tàbí lẹ́bàá àdògán. Kí a gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí omi àgbàrá kò sì lè dé. Kí fíúsì wà lẹ́bàá bátìrì, kí wáyà rẹ̀ nípọn tó iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Kí a de páńẹ́lì mọ́ òrùlé dáadáa nítorí ìjì, kí ó dagun díẹ̀ kí ó sì kọjú sí gúúsù, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ ni kí a pè, kì í ṣe ẹni tí ó kàn ní ìgbóyà.

ỌJÀ KÌ Í YẸ GBOGBO ILÉ

Kúlà olómi kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú. Ní Kano, Sokoto àti Maiduguri, ìtura ńlá ni ó jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sólà kékeré sì tó o. Ní etí òkun, ibi tí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, fáànù àti fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó tọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó yẹ ni ni ó yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Kí bàálé àti ìyáálé ilé tí ó bá ń múra láti ra ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ sá aṣọ òwú kan sínú iyàrá rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí aṣọ náà bá rin di òwúrọ̀, kí ó fi owó rẹ̀ ra fáànù.